Ata Gbígbẹ Nínú Ẹ̀rọ Kọfí Orogún

Jummai ní kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì yọ ata rẹ̀ kúrò. Ó ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Orúkọ nìkan ló ní kí n yí padà, mo sì ti yí i.

Iyálé ilé ni Jummai. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti lò nílé Alájì Hamzah, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ní àdúgbò Tanke níbí. Qudrah, ìyàwó kékeré, kò tíì lò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ọjọ́ méjì méjì ni wọ́n pín Alájì sí. Obìnrin tó bá ni ọjọ́ ló ń dáná fún un, yàrá rẹ̀ ni Alájì ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ náà ló ti ń jẹun àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ ọjọ́ ẹnì kejì. Ìpín yẹn ni Jummai fi ń gbé ilé orogún, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ro ó lára.

Àfi ìgbà tí kọfí wọlé.

Nígbà tí Alájì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta ní Ítálì. Ibẹ̀ ló ti mu ẹsipirẹ́sò, tí kò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe kọfí inú agolo tí à ń da omi gbígbóná lé o. Ẹ̀rọ ló ń fi agbára ti omi gba àárín kọfí lílọ̀, á máa sun díẹ̀díẹ̀, á dúdú, á ki, ìfóòfó tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á sì bo orí rẹ̀. Ife rẹ̀ ò ju èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré ilé lọ.

Bí Alájì ṣe fẹ̀yìn tì, ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pọn ọ́n. Ọ̀dọ̀ Jummai ló kọ́kọ́ gbé e sí, nítorí òun ni iyálé.

"Ìyá Hàrúnà," ó ní, Hàrúnà ni àkọ́bí wọn, "ìwọ ni wàá máa ṣe é fún mi. Kóró kọfí náà rèé. O ní láti kọ́kọ́ lọ̀ ọ́ kó kúnná."

Kí ni Jummai mọ̀? Ohun tí wọ́n bá ní kó lọ̀, ọjà Ìpàtà ló ń gbé e lọ. Ó di kóró kọfí sínú ọ̀rá, ó gbé e fún oníẹ̀rọ tó ti ń bá a lọ ata gbígbẹ àti èlùbọ́ láti ọjọ́ tó ti délé ọkọ. Oníẹ̀rọ wò ó, ó gbọ́ òórùn ẹ̀. "Hàjíà, àgbo kí rèé?" Jummai ní kó sáà ti lọ̀ ọ́.

Nígbà tí Alájì mu ún, ó wúkọ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá Hàrúnà! Ata ń bẹ nínú kọfí!"

Jummai náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn pa mọ́ sí ibì kan, a ó tún padà bá a.

Qudrah ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ṣe ló lọ wádìí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó mú ẹ̀rọ ìlọkọfí kékeré kan dé, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́, tó ga bí ìgò omi, tó ní ọwọ́ yíyí lórí. Ó lọ kọfí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kọfí sun jáde bí oyin. Alájì mu ún, ó di ojú méjèèjì.

"Alhamdulillahi," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún gan-an nìyí."

Ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ kọfí ṣí kúrò ní pálọ̀ Jummai lọ sí pálọ̀ Qudrah.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kọfí ò mọ ọjọ́. Bó jẹ́ ọjọ́ Jummai, bí Alájì bá ti kírun Àsùbáà tán ní mọ́sálásí, kì í padà sọ́dọ̀ Jummai. Ẹnu ọ̀nà Qudrah ló ń yà sí. Jummai á jókòó ti àkàrà rẹ̀, á máa gbọ́ wọn láti ìkejì ògiri. Gìrì-gìrì-gìrì, Qudrah ń yí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín Alájì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń pa Jummai jù. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀, kí ni wọ́n ń ṣe? Àkàrà á tutù. Ẹ̀kọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ ẹ̀. Owú ni. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ti Jummai tiẹ̀ ti jẹ ẹran tán, ó ti kan egungun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè mú un mọ́ra.

"Alájì, ọjọ́ ta lòní?"

"Ọjọ́ tìẹ ni."

"Kí lẹ wá ń wá nílé onílé?"

Alájì rẹ́rìn-ín. "Kọfí lásán ni, Ìyá Hàrúnà. Ṣé torí ife kékeré yìí lo fẹ́ máa bá ọmọdé jà?"

Ọ̀rọ̀ "lásán" yẹn dùn ún ju èébú lọ. Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí kò lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ òun? Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ìlọkọfí ni gbogbo ẹ̀, òun náà á ra ẹ̀rọ.

Ó mú gèlè wé, ó rìn lọ bá Abdulwaris, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń ta kọfí fún àwọn ọmọ yunifásítì lójú ọ̀nà, tó sì ń ta irinṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Abdulwaris gbé ẹ̀rọ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Hàjíà, ẹ wo èyí tó ń dán yìí. Iná ló ń lò, abẹ ló sì wà nínú ẹ̀, bíi ti blẹ́ńdà. Kì í lọ nǹkan rárá, ṣe ló ń gé e. Á gé apá kan di ìyẹ̀fun, á fi apá kan sílẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Bí omi bá dé ibẹ̀, àárín àwọn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ló máa gbà sá jáde, kọfí ò ní jẹ́ kọfí. Ẹ má rà á fún ẹsipirẹ́sò, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó."

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn náà ń lo iná, àmọ́ eyín irin méjì ló wà nínú ẹ̀, tó ń gbo ara wọn bí ọlọ àti ọmọ ọlọ. Àgbà ni. Owó ẹ̀ náà sì jẹ́ owó àgbà. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà." Ó wá gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. "Èyí ni mo máa tà fún ìyá mi. Eyín irin kan náà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ lẹ máa fi yí i. Ìyà tí iná ì bá jẹ, apá yín ló máa jẹ ẹ́, òun ni owó ẹ̀ fi dínkù. Ẹ tún wò ó nísàlẹ̀ níbí. Ẹ lè fún un pọ̀, ẹ lè dẹ̀ ẹ́, ní kẹ́-kẹ́-kẹ́ báyìí, títí kọfí á fi kúnná bí ẹ ṣe fẹ́."

Jummai ti mọ ẹ̀rọ náà kí Abdulwaris tó ṣàlàyé. Ìró rẹ̀ ló ń gbọ́ láràárọ̀.

"Ta ló ti ra irú èyí lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọ́n pọ̀. Àǹtí kan láti ilé Alájì Hamzah rà á. Ó fẹ́ẹ̀ lo wákàtí méjì níbí, ó ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni."

Ó tán. Èèyàn dáadáa! Bí Jummai bá ra irú ẹ̀, Qudrah á ní ẹ̀yìn òun ni iyálé ń tọ̀. Láti ìgbà wo ni ìyá ilé ti ń tẹ̀lé ìyàwó?

"Fún mi ní onídídán yẹn."

"Hàjíà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín ni pé..."

"Ṣé owó mi ò jọ owó ni?"

Abdulwaris dì í fún un. Ó bá a gbàdúrà pé kí Alláà fi àlùbáríkà sí i, àmọ́ Jummai ní ojú tó fi gbàdúrà náà jọ ojú ẹni tó ń báni kẹ́dùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jummai ni. Ó ránṣẹ́ sí Qudrah pé kó gbé ẹ̀rọ Alájì wá. Qudrah gbé e wá, kò jiyàn, ó kúnlẹ̀ kí i, ó lọ. Jummai fi ẹ̀rọ tuntun sí iná. Ariwo tó pa, gbogbo ilé ló jí sí i. Ó da kọfí náà sínú ẹ̀rọ Alájì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣàn ṣùàà, ó pọ́n bí omi ìfọwọ́, kò ní ìfóòfó kankan lórí.

Alájì fi ẹnu kàn án, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó káre, Ìyá Hàrúnà. Díẹ̀díẹ̀ ni wàá mọ̀ ọ́n."

Ó dìde. Ó gbé ẹ̀rọ kọfí sí abíyá, òun fúnra rẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbé ife tó mu omi tán kúrò nílẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí Jummai tún gbọ́ ọ láti ìkejì ògiri: gìrì-gìrì-gìrì.

Ọ̀rọ̀ náà kì bá ti bọ́ sí ibi tó bọ́ sí, ká ní Alájì ò tún fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ní Alájì Garba, ẹ̀gbọ́n òun tó ń gbé ní Ṣàngó, ń bọ̀ wá kí àwọn láàárọ̀ Sátidé. "Mo ti ròyìn kọfí Qudrah fún un títí. Ó ní àfi kóun tọ́ ọ wò."

"Ọjọ́ ta ni Sátidé?" Jummai béèrè.

Alájì rò ó. "Ó yẹ kó jẹ́ tìẹ, àbí?"

Ó ti gbàgbé. Alájì Garba yìí ló ṣáájú ìdílé wá tọrọ Jummai lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Jummai, pálọ̀ Qudrah ni yóò jókòó sí.

Láàárọ̀ Sátidé, àwọn ọkùnrin ṣì wà ní mọ́sálásí, Qudrah sì wà nílé ìwẹ̀. Jummai ń gbálẹ̀ ọ̀ọ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ Qudrah ṣí sílẹ̀, ẹ̀rọ ìlọkọfí sì dúró lórí tábìlì. Jummai búra fún mi pé òun kàn fẹ́ wò ó ni. Ó wọlé, ó dì í mú, ó yí i díẹ̀. Ó rọ̀ lọ́wọ́. Ohun kékeré tó gba àárọ̀ òun lọ́wọ́ òun rèé.

Ẹ̀rín ọjọ́ kọfí Ìpàtà ló sọ sí i lọ́kàn. Ata ń bẹ nínú kọfí! Tòun ní ata lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun. Ẹ jẹ́ kí ti Qudrah náà ní ata ká wò ó.

Ó sáré mú ata gbígbẹ mẹ́ta wá láti ilé ìdáná. Ó fi ọwọ́ já wọn sínú ẹ̀rọ, ó lọ̀ wọ́n, ó da ìyẹ̀fun wọn sí etí ìró rẹ̀, ó fi ìró náà nu ẹnu ẹ̀rọ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ eyín irin nínú lọ́hùn-ún, ó fi í sílẹ̀. Ó jáde, ó fọwọ́, ó padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Alájì Garba dé. Wọ́n jókòó. Qudrah lọ kọfí lójú gbogbo wọn, kọfí sun bí oyin. Ọwọ́ àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lé. Jummai gbé àwo àkàrà dání lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

Alájì Garba gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ó di ọ̀fun mú, ojú rẹ̀ pọ́n kuku, wọ́n ń sáré bu omi. Nígbà tí ohùn jáde lẹ́nu rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Hamzah! Kí lẹ fún mi mu? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ilé orogún rí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Alájì Hamzah kọjú sí ìyàwó kékeré.

"Qudrah, kí lo fi sí i?"

Qudrah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Wallahi, Alájì, kọfí nìkan ni."

"Ta ló tún ń lọ kọfí nínú ilé yìí yàtọ̀ sí ẹ?"

"Èmi nìkan ni."

"Èmi ni wọ́n sì máa ń gbé e fún! Èmi ni ì bá mu ún! Dìde. Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ bá bàbá ẹ. Ibẹ̀ la ti máa sọ ọ́."

Jummai dúró síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó lè là á, kò là á. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló pa òun lẹ́nu mọ́. Inú òun dùn. Fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn á fi ka ení dé ẹẹ́wàá, inú òun dùn gan-an. Ó ní ibẹ̀ ló ń dun òun jù títí dòní, ó ju ata lọ.

Òógùn ń sun ún lójú. Ó fi ọwọ́ nù ún.

Ọwọ́ tó fi já ata ni. Ẹ̀yin alásè, ẹ mọ̀ pé omi lásán kì í mú ata kúrò lọ́wọ́. Ojú ọ̀tún rẹ̀ gbiná.

Qudrah ò dìde lọ kó ẹrù. Ó fa ẹ̀rọ ìlọkọfí mọ́ra, ó ń sunkún, ó sì ń tú u. Ó gbọ̀n ọ́n sórí àwo funfun kan. Ìyẹ̀fun pupa bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọfí, hóró ata kan ṣoṣo sì yí gbirigbiri lórí àwo náà.

"Alájì, ẹ wò ó. Omi pàápàá, mi ò fi kàn án rí, kí ó má baà dógùn-ún. Kí ni màá fi ata ṣe nínú ẹ̀?"

Alájì Hamzah gbé àwo náà sí imú. Ó ní, "Mo mọ òórùn yìí. Mo ti mu kọfí yìí rí."

Ó gbójú sókè, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Hàrúnà, ẹkún kí lò ń sun?"

"Eruku ni, Alájì."

"Ojú kan ṣoṣo ni eruku kó sí?"

Jummai tún fi ọwọ́ nù ún.

"Na ọwọ́ ẹ wá."

Ó na ọwọ́. Alájì tẹrí ba, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó sín. Ó tún sín. Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀ yẹn.

Alájì Garba ṣa fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n nù. "Jummai," ó ní, "èmi ni mo lọ tọrọ rẹ." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jummai wólẹ̀ síbẹ̀ tòun ti àwo àkàrà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, láti orí Ìpàtà dé orí etí ìró.

Ohun tí kò retí ni ọ̀rọ̀ Qudrah.

"Hàjíà, torí kọfí ni? Ẹ ò ṣe sọ fún mi? Ọjọ́ yín ló yẹ kí n fi sinmi. Láti bí ọdún kan, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ oorun àárọ̀ mọ́, ọjọ́ mi ni o, ọjọ́ yín ni o. Apá yìí ò jẹ́ kí n gbé garawa mọ́. Bí mo bá dúró ti ẹ̀rọ yẹn, tí mi ò gbọ́ ìró kankan ní yàrá yín, màá ní, Hàjíà ti padà sùn, Hàjíà ń gbádùn. Èmi ni mò ń jowú yín!"

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín. Jummai ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ Qudrah, Qudrah ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ Jummai, oníkálukú sì gbà pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ni adùn wà.

Alájì bẹ Qudrah, ó dá a jókòó. Alájì Garba ò jẹ́ kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Ó ní láti òní lọ, kọfí ti wọ inú ìpín. Ẹni tó bá ni ọjọ́ ni ẹ̀rọ méjèèjì á máa lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Qudrah fúnra rẹ̀ lọ ìrẹsì gbígbẹ nínú ẹ̀rọ ìlọkọfí, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi fa gbogbo ata náà jáde. Ó gbé e wá fún Jummai, ó sì kọ́ ọ. "Ẹ kọ́kọ́ fún un pọ̀ pinpin, Hàjíà. Ẹ wá dẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa kà á. Bó bá ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró." Kò sọ̀rọ̀ ata mọ́ láti ọjọ́ náà. Jummai ní ì bá sàn kó bú òun.

Ó ti di oṣù mẹ́sàn-án. Owó tí Jummai ná sórí onídídán ti wọgbó, ẹ̀gúsí ló ń fi lọ̀ báyìí. Ó ní kí n kìlọ̀ fún yín nípa ẹ̀rọ náà, kí n sì kìlọ̀ fún yín nípa owú, nítorí ọjọ́ kan náà lòun ra méjèèjì lérò pé ó pọ́ọ́kú.

Ó rí ohun tó fẹ́ gbà. Lọ́jọ́ rẹ̀, bí Alájì bá ti kírun Àsùbáà tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀ tààrà. Á jókòó sórí àga rẹ̀. Jummai á lọ kọfí, á tẹ̀ ẹ́, á sun bí oyin, ìfóòfó á bo orí rẹ̀. Á gbé e síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Alájì kì í bínú sí i mọ́. Kì í mú ọ̀rọ̀ náà wá sókè. Ó kàn máa ń fi ìka kan ti ife náà padà síwájú rẹ̀ ni.

"Ìyá Hàrúnà," á ní, "ìwọ kọ́kọ́ mu."

Jummai ò fẹ́ràn kọfí. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Á gbé e sẹ́nu, Alájì á sì máa wo ọ̀fun rẹ̀ títí á fi gbé e mì.